Mo Yá Ìyá Onílé Mi Ní Ahọ́n

Ilé tí mo ń gbé ní Ìbàfò kò jìnnà sí títì márosẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá láti ìhà ọ̀hún, èèyàn á máa gbọ́ ariwo ọkọ̀ àjàgbé bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ń gbà kọjá. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo háyà, ẹ̀rọ ìránṣọ mi sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo ti wá. Iṣẹ́ bíríkìlà ni ọkọ mi ń ṣe, ibi tí iṣẹ́ bá gbé e dé náà ló ń sùn sí. Ó lè jẹ́ Magboro lọ́sẹ̀ yìí, kó jẹ́ Ìfọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nítorí náà, láàárín ọ̀sẹ̀, ìyá onílé wa ni alábàárò mi.

Màmá ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ Rẹ́mọ ni, ṣùgbọ́n ọmọ onílẹ̀ ibí ni ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ó máa ń sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n gbé òun níyàwó wá síbí, oko ẹ̀gẹ́ lọ́tùn-ún lósì ni, àti pé nígbà tí àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀, òun lòun ń se oúnjẹ fún àwọn tó ń mọ ilé wọn. Ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Àwọn tó jẹ ẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn ti di bàbá àgbà, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń yà kí i pé, “Màmá, ìgbà wo lẹ tún ń sè é?”

Èmi ò mọ ìkọ́kọrẹ́ kí n tó dé ibí. Níbi tí wọ́n bí mi sí, iyán la kà sí oúnjẹ, ọ̀jọ̀jọ̀ nìkan la sì mọ̀ pé wọ́n ń fi ewùrà ṣe. Ìgbà tí Màmá kọ́kọ́ bu díẹ̀ fún mi, tí mo rí ewùrà rírin tó wà ní wóró-wóró nínú ọbẹ̀ pupa, tí ẹja gbígbẹ yọ orí láàárín rẹ̀, mo rò pé àsáró ló bàjẹ́. Mo jẹ ẹ́ nítorí ojú. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán, èmi náà ni mo tún na abọ́ sí i.

Mo mọ̀ pé nǹkan ń ṣe Màmá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Lẹ́yìn òjò ọdún tó kọjá, ikọ́ àti ibà dá a dùbúlẹ̀, ó pẹ́ débi pé ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà wá. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ mókun, ó dìde, ó tún ń gbá iwájú ilé láràárọ̀ bó ti máa ń ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń rán yunifọ́ọ̀mù lọ́wọ́ nígbà tí òórùn ẹ̀wà tó ń jóná gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rò pé Màmá ti jáde lọ ni. Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo bá a lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó ń ṣa ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, èéfín sì ń rú lábẹ́ ọmọrí ìkòkò lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ bi mí léèrè ohun tó ń lé mi. Mo kọjá lára rẹ̀, mo pa iná. Ìgbà náà ló tó yíjú wo ìkòkò.

Ó ní òun kò gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ní láti ìgbà àìsàn yẹn, òun kò gbọ́ òórùn ohunkóhun mọ́, ahọ́n òun náà kò sì mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà. “Ìyẹ̀pẹ̀ ni mò ń jẹ,” ló wí, ó sì ń bá ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí àwọn ọmọ òun bá gbọ́, wọ́n á ní kí òun má ṣe súnmọ́ iná mọ́, wọ́n á wá kó òun lọ sí Èkó, òun á sì máa wo tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ṣèlérí. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti gbé nǹkan kaná, mo máa ń dá ẹ̀rọ dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti fi imú wá a wò.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni alága ẹgbẹ́ onílé gbé ọ̀rọ̀ àjọ̀dún oúnjẹ kalẹ̀. Alhaji tó ń ta sìmẹ́ńtì àti irin ìkọ́lé ni, ó ti pẹ́ lágbègbè yìí. Ó ní àdúgbò wa ti kún, ṣùgbọ́n a ò mọ ara wa. Ẹni tó wá láti Ọ̀yọ́ wà nínú géètì tirẹ̀, ará Ìjẹ̀bú wà nínú tirẹ̀, àwọn ọmọ wa sì rò pé inú ọ̀rá ni gbogbo oúnjẹ ti ń wá. Kí ilé kọ̀ọ̀kan se oúnjẹ ìlú rẹ̀ wá sórí pápá tó wà ní ìparí àdúgbò, kí a jọ jẹ ẹ́. Ó ní àwọn tó ń mu ẹmu lè pe adẹ́mu wá, bí wọn ò bá ti gbé ẹmu náà sí ìdí tábìlì tòun.

Ilé Màmá ni ó kọ́kọ́ wá. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ó ní àjọ̀dún tí kò bá ní ìkọ́kọrẹ́ Màmá kò tíì di àjọ̀dún. Mo ń gbọ́ wọn láti ìdí ẹ̀rọ mi. Mo rò pé yóò wá àwáwí, kó sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún tàbí ti ọjọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n ó yára dáhùn pé òun gbọ́, òun á sè é, kí wọ́n wá ìkòkò ńlá fún òun. Inú Alhaji dùn, ó ṣe àdúà fún un, ó sì lọ.

Nígbà tó lọ tán, Màmá wá jókòó síwájú mi, lórí àga tí àwọn oníbàárà mi máa ń jókòó sí.

“Bí mo bá kọ̀, wọ́n á fẹ́ mọ ohun tó ṣe mí,” ló wí. “Ọwọ́ mi ṣì mọ̀ ọ́n. Ojú mi ṣì ríran. Ahọ́n nìkan ni n ò ní. Ṣé wàá yá mi ní tìẹ?”

Mo sọ fún un pé èmi kò mọ bí ìkọ́kọrẹ́ gidi ṣe yẹ kó rí, pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ti jẹ ẹ́ rí. Ó ní ìyẹn gan-an lòun ń fẹ́, pé ẹni tó jẹ́ pé tòun nìkan ló mọ̀ kò ní fi ti ẹlòmíì ṣì í.

A kọ́kọ́ fi ìkòkò kékeré dán an wò. Èmi ni mo rin ewùrà náà, ó sì yún mi lọ́wọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Màmá rẹ́rìn-ín, ó da epo pupa díẹ̀ sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi ra á. Ó gbé omi ata kaná, ó kó ẹja gbígbẹ, edé àti pọ̀nmọ́ sí i. Nígbà tó hó dáadáa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka já ewùrà náà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò jẹ́ kí n rò ó. Ó dín iná kù, ó dé e, ó sì tẹ́tí. Ó ní láti ìgbà tí imú òun ti kọṣẹ́ sílẹ̀, etí lòun fi ń se oúnjẹ. Bí ó bá ṣì ń hó kùtùkùtù, kò tíì tó. Bó bá ti di pé ó ń hó jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ti jinná.

Ó bu díẹ̀ sí ṣíbí, ó fẹ́ ẹ, ó fún mi. Mo ní ó dùn.

Ó mi orí. “Gbogbo ẹni tí ebi bá ń pa ló máa ń sọ pé ó dùn. Sọ ibi tó ti bà ọ́ lẹ́nu fún mi.”

Mo di ojú mi. Èmi tí mo ti ń jẹun láti kékeré, n kò tíì bi ara mi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ fún un pé ata náà ń jó mi létè kí n tó gbé e mì. Ó ní a jẹ́ pé ata náà kò jinná tó. Ata tó jinná máa ń dúró de èèyàn ní ọ̀nà ọ̀fun. Mo ní iyọ̀ náà wà ní ṣóńṣó ahọ́n mi, ó sì tètè lọ. Ó ní ẹja kò tíì tú iyọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi wálé, tó bá àwa méjèèjì nílé ìdáná, tí mo di ojú, tí ìyá àgbàlagbà sì ń wo ẹnu mi bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò á rọ̀, ó bi mí lẹ́yìn náà bóyá àdúà là ń gbà. Mo rántí ìlérí mi, mo ní Màmá ń kọ́ mi ní oúnjẹ ni.

Ọjọ́ Sátidé ni àjọ̀dún náà bọ́ sí, òjò kò sì rọ̀. Láti ìdájí ni a ti dáná sí ẹ̀yìnkùlé, a fi ìkòkò ńlá tí Alhaji fi ránṣẹ́ lé orí ààrò. Nígbà tí ìkọ́kọrẹ́ náà jinná, Màmá bu ṣíbí kan fún mi. Mo tọ́ ọ wò, mo ní iyọ̀ kò tó. Ó ní ó tó, pé òun ti wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ bí òun ṣe máa ń wọ̀n ọ́n fún irú ìkòkò yìí, láti ìgbà tí ọkọ òun ti wà láyé. Mo tún un tọ́ wò. Ó wù mí kí n gbà fún un, nítorí àgbà ni, oúnjẹ rẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá níbẹ̀ ni mo sọ: kò tó.

Ó dúró, ó di iyọ̀ mú lọ́wọ́. Ó wo inú ìkòkò náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó na iyọ̀ náà sí mi.

“Èyí tí mò ń rántí ni tèmi,” ló wí. “Ìwọ lo ní èyí tó wà lẹ́nu. Fi sí i.”

Mo wọ́n ọn sí i díẹ̀díẹ̀, mo ń tọ́ ọ wò títí ó fi tó.

Nígbà tí a gbé e dé pápá, àwọn kan ti dé ṣáájú wa. Wọ́n ti ta tapólì sáàárín àwọn igi, wọ́n to tábìlì sábẹ́ rẹ̀. Ilé tó kọjú sí wa gbé ìrẹsì ọ̀fàdà wá, wọ́n fi ewé dì í, òórùn ewé náà àti ti ọbẹ̀ ata tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú kí àwọn ọmọdé má lè kúrò níbẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá mẹkáníìkì se ẹ̀kuru, ó ń bá gbogbo ẹni tó bá pè é ní mọ́ínmọ́ín jà. Ẹbí kan láti Ọ̀yọ́ gbé gbẹ̀gìrì wá. Adẹ́mu wá láti apá Ọ̀fàdà lórí ọ̀kadà, ó so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ẹ̀yìn, oyin sì tẹ̀ lé e dé ìdí tábìlì. Alhaji lọ jókòó sí ìhà kejì pápá pẹ̀lú sóbò rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ló rán wọn pé kí wọ́n gbé tábìlì ẹlẹ́mu sábẹ́ òjìji, kí oòrùn má bàa kan ẹmu náà.

Ìlà tó wà níwájú ìkòkò wa ló gùn jù. Màmá jókòó, èmi ń bù. Àwọn àgbà ń jẹ, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ wọn pé èyí ni àwọn jẹ nígbà tí àwọn ń gbé búlọ́ọ̀kù ilé àwọn ró. Ẹ̀rù tó ti bà mí láti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí sílẹ̀. Ìgbà náà ni àbúrò Màmá dé láti Ṣágámù.

Àbúrò rẹ̀ yìí nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, èdè Rẹ́mọ ni wọ́n máa ń sọ, kíákíá, débi pé èèyàn bíi tèmi á kàn máa rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín ni. Ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó jókòó. Ó jẹ ṣíbí kan. Ó jẹ èkejì. Ó wá dúró, ó gbé abọ́ náà lé itan.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí, kò sì pariwo, “ẹlòmíì ló fi iyọ̀ sí èyí.”

Àwọn tó wà nítòsí yíjú sí wa. Èmi ò mọ ibi tí mo máa gbé ojú sí. Mo rò pé Màmá á fi rẹ́rìn-ín, tàbí kó ní ogbó ló dé. Ó lè sọ pé èmi ni mo ṣìṣe, n kì bá sì jiyàn. Ó fi etí ìró nu ọwọ́ rẹ̀.

“Òótọ́ lo sọ,” ló dá a lóhùn. “Láti ìgbà àìsàn yẹn, ẹnu mi ò mọ adùn mọ́. N ò gbọ́ òórùn. Èmi ni mo sè é, àmọ́ ahọ́n ọmọ mi yìí ni mo fi sè é.” Ó sì na ọwọ́ sí mi, èmi tí mo di ṣíbí ńlá mú bí òmùgọ̀.

Mo ti máa ń pe ara mi ní ayálégbé, nítorí ohun tí mo jẹ́ nìyẹn. Ìyá tèmi ti kú kí n tó kúrò nílé. N kò retí pé kí ẹnikẹ́ni pè mí bẹ́ẹ̀ láàárín èrò, omi sì bọ́ lójú mi kí n tó lè yí orí padà.

Àbúrò rẹ̀ gbé abọ́ sílẹ̀, ó tún kúnlẹ̀, ó di orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Ó ń bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún òun, pé ṣé òun ti di ẹni tí wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ fún. Màmá ń fọwọ́ pa á léjìká, ó ń sọ̀rọ̀ sí i jẹ́jẹ́ ní èdè wọn. N kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, àbúrò náà dìde, ó nu ojú rẹ̀, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ó wá na abọ́ náà sí mi pé kí n tún bù sí i. Ó ní ata rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti ìyá àwọn lọ, pé ó hàn pé ará Ọ̀ṣun ti wọ inú ìkòkò. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ìlà náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó ọ̀gá mẹkáníìkì wá jókòó ti Màmá, ó ní ohun kan náà ló ṣe ọkọ òun fún oṣù díẹ̀, pé ó ń jẹun torí òun ń wò ó ni. Alhaji náà rìn wá láti ìhà kejì, ó bẹ Màmá pé kó má bínú pé òun gbé ẹrù lé e lórí. Màmá ní ẹrù wo, pé òun ni òun sọ pé òun á rù ú.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, tí ìkòkò wa ti gbẹ, ẹnì kan gbé ife ẹmu wá fún un. Màmá ní kí wọ́n má fi ẹmu ṣòfò. Àbúrò rẹ̀ rọ̀ ọ́ pé kó tọ́ ọ wò, pé òwúrọ̀ yìí ni wọ́n dá a, kò tíì kan. Màmá gbé e sẹ́nu, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, ẹmu náà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó gbé e mì.

“Ó ń ta mí,” ló wí. “N ò mọ adùn rẹ̀ o, àmọ́ ó ń ta mí láhọ́n.”

Ó mu ún tán. Ó ní kí n sọ bó ṣe rí lẹ́nu tèmi. Mo mu díẹ̀, mo sọ pé ó dùn níwájú, ó kan díẹ̀ lẹ́yìn, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò tí wọn ò tíì yan. Ó mi orí lọ́ra. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. A jókòó síbẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí àwọn ọmọdé fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ewé ọ̀fàdà ṣe fìlà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àbúrò rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní ó lè padà, ó sì lè má padà, kí wọ́n ní sùúrù. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́, wọ́n wá, wọ́n fẹ́ mú un lọ sí Èkó lóòótọ́. Ó fi mí hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n wò ó, òun ní imú àti ahọ́n nílé. Wọ́n bi mí bóyá mo gbà. Mo ní mo ti gbà tipẹ́. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè mí lórí fóònù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù tó kọjá, n kò tíì ṣí aṣọ lójú ẹ̀rọ mi nígbà tí Màmá kan ilẹ̀kùn. Ìró àná ló ṣì wà lára rẹ̀, gèlè kò sí lórí. Ó mú ewé ewúro kan lọ́wọ́, ó ń jẹ òmíràn lẹ́nu, ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí ti ọmọ tí wọ́n fún ní oògùn ibà. Mo bi í bóyá inú ń run ún ni.

“Ó korò,” ló wí. “Ó korò gan-an.”

Ó já èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní ààbọ̀. Mo fi sẹ́nu. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ló korò, àbí òun ni. Mo ní lóòótọ́ ni, kíkorò rẹ̀ ti dé ẹ̀yìn ahọ́n mi, kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ó ní ibẹ̀ náà ló wà lẹ́nu òun. A jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, a ń jẹ ewúro láìfọ̀, omi ń dà lójú wa, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ sì ń kí wa kọjá.